Ẹ Jẹ́ Kí Ìbéèrè Náà Tutù

Kẹ́tù wa kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, iná pupa ara rẹ̀ kò tàn. Ìyàwó mi ti wọ kóòtù, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ tábìlì. Ó wá sí ìdí kẹ́tù, ó yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri, ó gbé e sí imú bí ẹni tó ń yẹ ẹja gbígbẹ wò.

Ó ní, "Fíùsì ló jó. Fi í sílẹ̀. Màá ṣe é tí mo bá dé."

Mo ní, "Ṣé kí èmi má gbìyànjú ẹ̀?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ tó ń fi ọmọrogùn tẹ súwíìṣì?"

Òótọ́ ló sọ. Iná ti mú mi rí ní kékeré, láti ìgbà náà ni mi ò ti fọkàn tán an mọ́. Mo gbé omi kaná nínú ìkòkò, a mu tíì lórí ìdúró. Ó ní ṣúgà tí mo fi sí i pọ̀ jù, ó sì mu ún tán. Ó jáde lọ síbi iṣẹ́, kò sì padà wálé. Àwọn dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ni. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ náà, torí kì í ṣe ikú rẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó. Ìgbé ayé tí a gbé ni mo fẹ́ kọ, ẹ̀rín sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi ló gbé mi lọ sókè òkun. Mo máa ń tètè sọ ọ́ báyẹn, kí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rín in tán ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, èmi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, èmi ń kọ́ wọn ní gọ́fánmẹ́ǹtì. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá tíṣà, físíìsì ni wọ́n wá. Wọn ò wá tíṣà gọ́fánmẹ́ǹtì. Ó jọ pé ìjọba tí wọ́n ní tó wọn.

A kò tíì tú ẹrù tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Gàníyù lorúkọ rẹ̀, ó ń ta páátì ọ̀kadà ní agbègbè Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bí ẹni tó ń bá ẹni òdìkejì títì sọ̀rọ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyàwó ló gbé ọ lọ?"

"Lóòótọ́ ni, Bọ̀dá."

"Orúkọ tiẹ̀ ló wà lókè ìwé?"

"Orúkọ tiẹ̀ ni. Èmi wà nísàlẹ̀."

"Ta ló wá ń dáná?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láti ibi iṣẹ́."

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ dé?"

Mo ní omi ọkà ti ń hó lórí iná.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Má ṣáà jẹ́ kí ọkà tí ò ń rò ní kókó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́."

Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a dé sí. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́. Nílé, bí mo bá jáde lágbo ilé wa tí mo ń lọ sí Takie, ẹnu mi kì í sinmi: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Níhìn-ín, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ ní ọjọ́ kejì tí a dé. Ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Oòrùn ibẹ̀ náà yà mí lẹ́nu. Ó ń ràn, kò ta ni lára. Mo sọ fún ìyàwó mi pé oòrùn tiwọn kò dáa. Ó ní, "Oòrùn kan náà ni. Ní tiwa, àtàrí ló ti ń wò wá. Ní tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò wọ́n." Bó ṣe rí nìyẹn. Nǹkan tí mo bá fi ń ṣàròyé, òun a máa fi í kọ́ mi ní nǹkan.

Mo ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ búrẹ́dì. Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọbìnrin tí ǹ bá bí i bí mo bá tètè gbéyàwó. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní "Máàmù", ó ní ìyá òun àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wá pè é ní "Ọ̀gá". Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo ṣàlàyé, ó ní òun fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ fi ń pè é ní Ọ̀gá, títí kan ọkùnrin ará Póláǹdì kan tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì lójúmọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ láìkùn.

Kí n tó sọ ti ilé ìwé ìyàwó mi, ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe wọ ilé wa.

Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ náà ìbáà ṣì máa rá, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó dé, ó di dandan kí ìyàwó wá orúkọ mìíràn fún un. Nígbà tí ìyàwó mi wọlé, ó jókòó ti àwọn ìyàwó tó ṣáájú rẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin ń jẹ́ Akọ̀wé, Lọ́yà, Dókítà. Àwọn ọmọbìnrin ń jẹ́ Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Eyínfúnjowó. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ṣé ò ń gbọ́ ọ? Àwọn ọmọkùnrin ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin kàn lẹ́wà ni."

Mo ní eré lásán ni.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní orúkọ a máa ro ọmọ. Àbí ti àwọn ọkùnrin nìkan ló ń rò wọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù ní ọmọbìnrin kékeré kan nígbà náà, Mùíbátù. Lọ́sẹ̀ náà, ọmọ yìí tú tọ́ọ̀ṣì agbo ilé, ó to bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yọjú sínú agolo tọ́ọ̀ṣì láti rí ibi tí iná sá pamọ́ sí. Àwọn yòókù fẹ́ nà án. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ ọ́ ní Oníná. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n Mùíbátù ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ọmọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó ti di géńdé báyìí, eyín rẹ̀ sì funfun lóòótọ́.

Àwọn ìyálé ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì dúró. Ọlọ́run kò fún àwa méjì lọ́mọ, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí Oníná kì í wá jókòó sí yàrá wa láti béèrè ìdí tí nǹkan kan fi rí bó ṣe rí.

Ohun tó ṣe nínú agbo ilé náà ló ṣe nílé ìwé. Ní ilé ìwé wa, bí ó bá ti di àkókò kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn dán ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wò, àwọn ọmọbìnrin á pọnmi wá, wọ́n á fọ ìgò, wọ́n á kọ èsì sílẹ̀ torí pé ìkọ̀wé wọn dára. Àwọn ọmọkùnrin á so wáyà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Ó ń ṣe ara rẹ̀ ni, bí omi ṣe ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀. Ìyàwó mi ní ẹni tó bá kọ̀wé lónìí ni yóò so wáyà lọ́la, ẹni tó bá sì so wáyà lónìí ni yóò pọnmi. Ó tún ní bí òun bá béèrè ìbéèrè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nawọ́ títí òun á fi ní ó yá. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè náà tutù díẹ̀," bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn kan máa ń gbé ìdáhùn mì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù, àti pé láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn ọmọbìnrin tó dákẹ́ jù máa ń rí àyè wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ lókè òkun, ó dé, ó jókòó, kò bọ́ kóòtù.

"O ò ní gbà á gbọ́," ó ní. "Àwọn ọmọkùnrin ń so wáyà. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ̀wé."

"Níbí?"

"Níbí. Omi nìkan ni wọn ò pọn."

Mo rò pé inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá bí ẹni tó bá ará ilé rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà àjò. Ó ti ń ṣe bí àlejò láti ìgbà tí a ti dé. Ní ọjọ́ yẹn, ó rí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú òfin rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ fún àwọn ọmọ òyìnbó. Wọ́n kùn. Ó kọ́ wọn ní "ẹ kú iṣẹ́" pẹ̀lú, pé ẹni tó bá wọ yàrá gbọ́dọ̀ kí ẹni tó bá ń so wáyà. Nígbà tí ilé ìwé ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí, mo bá a lọ. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kò la ẹnu rí ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Òun ló ń ṣàlàyé iná fún àwọn àlejò. Bàbá rẹ̀ wá bá ìyàwó mi, ó ní ọmọ náà ti tú rédíò ilé palẹ̀, òun ò sì mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun bínú.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ dúró kó tò ó padà ná."

Ọjọ́ Sátidé ni ti àwọn ọmọ ilé. Ìbátan wa kan ń tún fóònù ṣe ní Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní iná oòrùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì dára nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Oníná àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pé sí, wọ́n á gbé fóònù ti agolo, ìyàwó mi á sì máa kọ́ wọn láti ìdí tábìlì ìdáná wa. Èmi á máa gé àlùbọ́sà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo gbọ́ tó béèrè nǹkan, gbogbo rẹ̀ sì wá pa kẹ́kẹ́. Ó pẹ́. Mo ké láti ìdí síńkì pé, "Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni?"

Ó ní, "Rárá o. Wọ́n ń ronú."

Ohùn Ẹ́sítà, ọ̀rẹ́ Oníná, ló kọ́kọ́ jáde láti inú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ọmọ awakọ̀ kan tó ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ sọ fún Bàbá Kékeré pé ariwo ọ̀bẹ wọn ń dà wá láàmú."

Nígbà tí ìyàwó mi kú, a gbé e wá sílé, a sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì padà. Àwọn ará ilé ní kí n dúró. Mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún wọn ni pé yàrá tí mo ń pè ní àjò tẹ́lẹ̀ ti di ilé mọ́ mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni òun ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ tábìlì. Nílé, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, oníkálùkù ló sì ní tirẹ̀ láti sọ. Níhìn-ín, èmi nìkan ni mo mọ ibi tó máa ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́.

Àwọn ará iṣẹ́ ṣe dáadáa sí mi. Ọ̀gá gbé búrẹ́dì wá sílé fún mi, bí ẹni pé mi ò rí i tó lójoojúmọ́. Ará Póláǹdì yẹn jókòó tì mí fún ìgbà pípẹ́ láìsọ nǹkan kan, nígbà tó fẹ́ lọ ó sọ èyí tó kọ́ lẹ́nu mi, "Ẹ kú iṣẹ́." Kì í ṣe gbólóhùn tó yẹ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Mo ń fi ìkòkò se omi tíì. Kẹ́tù jókòó síbi tí ìyàwó mi fi í sí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sátidé ń dé, ó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá Gàníyù pè mí bí táàmù ṣe ń lọ sópin.

"Inú rẹ á dùn," ó ní. "Ọmọ rẹ ti ń kúrò ní sáyẹ́ǹsì. Ó ní gọ́fánmẹ́ǹtì ni òun fẹ́ ṣe, bíi tìrẹ."

"Oníná?"

"Mélòó la ní? Ó ní òun á lọ sí àátì tí wọ́n bá wọlé. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn, kò sí pípààrọ̀ mọ́."

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé kó kúrò?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo Takie pé ọmọ mi máa ṣe ẹnjinía? Ojú ń tì mí. Òun ló ní ó sú òun. Bá a sọ̀rọ̀, ìwọ ọ̀mọ̀wé."

Ó gbé fóònù fún un. Mo ní kí ló dé. Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Ó wá ní, "Bàbá Kékeré, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí mọ́. Tíṣà tuntun tí wọ́n gbé wá, tó bá béèrè nǹkan, kí n tó ronú dé ìdajì, àwọn ọmọkùnrin ti dáhùn. Á ní ó dáa, á sì kọjá síbòmíràn. Tó bá di pé ká fọwọ́ ṣe é, omi ló ń ní ká lọ pọn. Mo ti mọ omi í pọn, Bàbá Kékeré."

 Mo ní màá pè é ní Sátidé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bíi tíṣà gọ́fánmẹ́ǹtì: ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin, òfin, ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè. Ó dára gan-an lórí ìwé. Nígbà tí Sátidé dé, mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná, mo sì pe ṣọ́ọ̀bù Under G. Ojú Oníná yọ, ti Ẹ́sítà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n pé síbẹ̀.

Ẹ́sítà ní, "A ṣì máa ń wá. A kàn ń jókòó ni."

Gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ fò lọ. Mo yíjú, mo sì rí kẹ́tù.

Mo ní, "Oníná, kẹ́tù mi kò ṣiṣẹ́. Àǹtí yín ní fíùsì ló jó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà láyé."

Ó ní, "Kí lẹ wá fi ń se tíì látìgbà yẹn?"

"Ìkòkò."

Ẹ́sítà ní, "Lókè òkun?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rín in. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ìdáná yẹn.

Mo gbé agolo bisikíìtì tí ìyàwó mi ń kó irinṣẹ́ sí wá, mo sì gbé fóònù ti ìkòkò kí wọ́n lè rí ọwọ́ mi.

Oníná ní, "Ẹ kọ́kọ́—" Ó gé ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i tó ronú. Ó wá ní, "Rárá. Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kàn án?"

Ó sì dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìdí síńkì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ ní Sátidé gbogbo. Mi ò jókòó sínú rẹ̀ rí. Kò ni mí lára bí mo ṣe rò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sílẹ̀ fún ọ.

Mo ní, "Kí n wá ọmọrogùn?"

"Bàbá Kékeré."

"Kí n rí i pé kò sí lára iná."

"Ó wà lára iná?"

"Kò sí níbẹ̀. Àǹtí yín ti yọ ọ́."

Mo fi sukudíráifà ṣí ìdérí kékeré tó wà nínú ikùn púlọ́ọ̀gì, láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fíùsì tó jó bọ́ sílẹ̀. Méjì tuntun wà nínú agolo, wọ́n kọ mẹ́ta sára ọ̀kan, wọ́n kọ mẹ́tàlá sára èkejì, ìwọ̀n iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé. Mo béèrè èwo ni kí n mú. Oníná ní òun náà fẹ́ béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kí ni kẹ́tù ń ṣe tí rédíò kì í ṣe?"

Ẹ́sítà fẹ́ dáhùn. Oníná fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Jẹ́ kó tutù," ó ní.

Mo ronú. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ni. Kẹ́tù ń mú omi gbóná, nǹkan líle nìyẹn. Mo ní ẹrù tó ń rù wúwo, iná tó máa fà yóò pọ̀, fíùsì kékeré á tún jó. Mo mú mẹ́tàlá.

"Ta ló kọ́ yín?" ni Oníná béèrè.

"Ìwọ ni."

"Mi ò sọ nǹkan kan fún yín o. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ojú rẹ̀ ti yí padà bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wo Ẹ́sítà, ó tún wò mí. "Bàbá Kékeré, tí mo bá dúró sí sáyẹ́ǹsì, ṣé ẹ̀ẹ́ máa pè wá ní Sátidé?"

"Mi ò mọ físíìsì, ọmọ mi."

"Ẹ ò ní láti mọ̀ ọ́n. Àwa máa kà á, àwa máa sọ ọ́. Ẹ ṣáà máa béèrè, kí ẹ sì máa dúró."

Mo ní, "Ìyẹn, mo lè ṣe é."

"Lọ́jọ́ Ajé, màá sọ fún tíṣà pé mi ò lọ sí àátì mọ́. Màá sì sọ fún un pé ọwọ́ mi fẹ́ so wáyà."

Ẹ́sítà ní, "Èmi náà. Kí Eyínfúnjowó lọ pọnmi."

Mo dé ìdérí náà padà. Mo rọ omi sínú kẹ́tù, mo ki púlọ́ọ̀gì bọ ara ògiri. Ọmọrogùn wà nítòsí. Mo na ìka mi, mo sì tẹ súwíìṣì.

"Bàbá Kékeré," ni Oníná pè láti Under G, "ó tàn àbí kò tàn?"

Iná pupa náà wà níwájú mi, omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nísàlẹ̀. Mo jẹ́ kí ìbéèrè náà tutù díẹ̀.